Igi Tí Kì Í So Ohun Jíjẹ

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 1994.

Àjàgbé ọmọ mi,

Ìwọ ńkọ́? Ìyàwó mi Ọlárónkẹ́ ńkọ́? Ṣemílóore ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé òtútù ilẹ̀ yín ti mọ́ ọn lára? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Mo ti dé ilé rẹ ní Bódìjà gẹ́gẹ́ bí o ṣe bẹ̀ mí, pé kí n wá máa gbé e kí ó má baà ṣófo lẹ́yìn yín. Mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Ṣakí, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò bàbá rẹ, mo wọ mọ́tò. Àwọn obìnrin ìjọ wa sìn mí dé gáréèjì. N kò ní purọ́, orí mi wú. Kì í ṣe gbogbo ìyá ló ń rí i sọ pé òun ń lọ gbé ilé tí ọmọ òun kọ́ sí Bódìjà.

Ilé dára. N kò ní ẹ̀sùn lórí ilé. Iwájú ilé ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí, o wá fi igi kún un, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń so ohun tí ènìyàn lè fi sẹ́nu. Mo yí i po títí. Mo wo èyí tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí Alhaja Zùwáírátù, obìnrin tó ń gbé nílé kejì, sọ fún mi pé panṣẹ́kẹ́ ni. Òun nìkan gba ibi tí à bá kọ ebè iṣu sí. Mo wo èyí tó ń fà lórí fẹ́ǹsì tó kún fún ẹ̀gún. Mo wo àwọn kéékèèké eléwé aláràbarà tí o tò sábẹ́ fèrèsé bí ọmọ ilé-ìwé. Ní Ṣakí, igi tó bá dúró lójúde ẹni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Igi irúgbá ń fún wa ní irú, igi òrí ń fún wa ní òrí. Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe fún ọ, yàtọ̀ sí pé wọ́n ń da ewé sílẹ̀ kí ìyá rẹ máa gbá a?

Nítorí náà ni mo ṣe ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo ti hú àwọn eléwé aláràbarà abẹ́ fèrèsé kúrò pátápátá. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, mo gbin ilá. Òjò ti rọ̀ sí i, ilá ti ń yọ ewé. Bí o bá rí i, inú rẹ á dùn. Ẹlẹ́gùn-ún orí fẹ́ǹsì ló kàn. Mo ti bá ọkùnrin kan tó ní àdá sọ̀rọ̀.

Orúnkún ń dùn mí. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, fi òróró tó máa ń gbóná lára yẹn rán an.

Ìyá rẹ tí kì í sùn kó má dárúkọ rẹ nínú àdúrà.

*

Manchester.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Karùn-ún, 1994.

Ìyá mi,

Èmi Àjàgbé yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọlárónkẹ́ kúnlẹ̀ kí yín. Ṣemílóore ti ń sá eré kiri inú ilé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wa sì ti wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Lẹ́tà yín dé lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí aládàá yẹn wọ géètì. Èyí tó wà lórí fẹ́ǹsì, bogaínfílíà ni orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbìn ín nígbà tí ilé kò tíì ní òrùlé. Àwọn tí ẹ hú lábẹ́ fèrèsé, kúrótọ́ọ̀nù ni wọ́n. N kò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti oúnjẹ mi lánàá, n kò lè jẹ ẹ́, Ọlárónkẹ́ rò pé òkú ni wọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá Òkè Àdó n'Ìbàdàn tí mo ń lọ sílé ìwé girama, mo máa ń ya ọ̀nà kan gbà tó jìn ju èyí tó yẹ kí n gbà lọ. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀, ilé àwọn òyìnbó àtijọ́, igi ló yí i ká. Òrúrù wà níbẹ̀, panṣẹ́kẹ́ wà níbẹ̀, ìtànná bo ògiri dé ilẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì, mo máa ń wò ó. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jáde sí mi. Ó ní, "Kí ni irú ìwọ ń wò níbí?" Ó fi ọ̀pá lé mi títí mo fi dé títì. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé n ó ní tèmi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lé mi. Ìdí tí mo ṣe gbin wọ́n nìyẹn. Kì í ṣe fún jíjẹ.

Ibi tí à ń gbé níhìn-ín ga, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé wa. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí nínú ọgbà sí mi. Èwo ló ń tanná, èwo ló ń wọ́wé, báwo ni bogaínfílíà, báwo ni òrúrù ẹ̀yìn ilé. Bí kò bá sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn nínú lẹ́tà, ẹ ṣáà kọ ti igi.

Mo fi òróró náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Fásitì Ìbàdàn, yóò mú un wá fún yín. Ẹ jẹ́ kí ilá dàgbà, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó parí síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Gbádérọ̀.

*

Bódìjà.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Àjàgbé,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé, tèmi náà á pẹ́. Epo kò sí nílùú, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, mọ́tò kò lọ, kò bọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí Ṣàngó láti ra ata, ẹsẹ̀ náà ni mo fi rìn bọ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. O béèrè àlàáfíà bogaínfílíà. O béèrè àlàáfíà òrúrù. O kò béèrè bí mo ṣe ń sùn nínú ilé ńlá tí n kò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. O fi òróró ránṣẹ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n òróró kì í kí ènìyàn. O wá ní bí àyè kò bá sí, kí n kọ ti igi nìkan. Ṣé igi ló fún ọ lọ́mú ni?

Ti ọkùnrin tó fi ọ̀pá lé ọ yẹn, mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé. Ọdún wo nìyẹn, o kò sì sọ fún mi. Èmi ni ìyá ọmọ tí wọ́n lé. Nígbà tí aládàá dé, mo fún un ní àgbàdo sísè, mo ní kó máa lọ ilé rẹ̀.

Ó dára. O ní kí n wò, mo wò. Gbọ́ ohun tí mo rí.

Panṣẹ́kẹ́ tanná lóṣù Karùn-ún, lẹ́tà rẹ kò tíì dé. Òjò ti rọ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ díẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ Alhaja, mo ní ṣé òun náà nìyí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo orí rẹ̀ ti pọ́n, n kò rí ewé mọ́. Ó ń dà sílẹ̀, mo ń gbá a, Alhaja Zùwáírátù bẹ̀ mí láti orí fẹ́ǹsì pé kí n fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ náà pọ́n. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́, mo wò ó. Apá mẹ́rin pọ́n, ìkarùn-ún funfun, ó sì ní ilà pupa wẹ́wẹ́, bí ẹni tí wọ́n kọ nílà. Ọ̀kan kan ṣoṣo ni wọ́n kọ nílà nínú gbogbo wọn. Mo ṣí òdòdó tó pọ̀ wò, bákan náà ni. Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí yóò jábọ́ lọ́la?

Igi kékeré ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó ń ta sánsán bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Alhaja ní kí n gé e, pé ejò ló ń pè. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan, ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Ejò kò wá. Àfòpiná ló wá, wọ́n pọ̀. Mo sọ fún Alhaja, kò gbà, ó ní ejò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ni.

Òjò gba ìsinmi lóṣù tó kọjá. Ojú ọjọ́ mọ́ díẹ̀, àwọn ewé tó ti ń rà lábẹ́ òjò tún gbérí. Panṣẹ́kẹ́ ti so, èso rẹ̀ gùn bí idà, ó ṣì tutù.

Nípa àwọn kúrótọ́ọ̀nù: mo rí ọ̀kan lórí ààtàn tó ti hu ewé fúnra rẹ̀. Ohun tí a dà nù tó ní òun kò kú, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo gbìn ín sílẹ̀ láàárín ilá. Ó ti ń yọ.

Ìyá rẹ tó ń bá igi gbé.

*

Bódìjà.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìíní, 1995.

Àjàgbé ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo. N kò rí lẹ́tà rẹ láti ìgbà tí mo ti kọ tèmi nígbà òjò. Mo rán àwọn ọmọ Alhaja lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan. Bí mo bá ti bá ọ wí jù nínú lẹ́tà yẹn, ìyá ló ń bá ọmọ wí. Kì í ṣe ohun tí a fi ń dákẹ́.

Ọyẹ́ dé, ó le. Ètè mi là, ọwọ́ mi funfun. Panṣẹ́kẹ́ ti wọ́ gbogbo ewé rẹ̀, èso rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń dún wọ́jọ́wọ́jọ́ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Mo rò pé ìgbà yìí ni ọgbà á di aṣálẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ìgbà yìí gan-an ni bogaínfílíà gbà fún ara rẹ̀? Bí kànga ti ń fà sísàlẹ̀ ló ń pọ́n sí i. Ó bo fẹ́ǹsì láti òkè dé ilẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni, ó kàn pọ́n ni, ó sì fẹ́lẹ́ bí ìwé. Òdòdó gan-an kékeré ni, funfun, ó fara pamọ́ sáàárín. Mo fi han Alhaja, ó kọ́kọ́ bá mi jiyàn, nígbà tó wò ó tán, ó mú ọ̀kan dání lọ sílé rẹ̀. Òrúrù ẹ̀yìn ilé náà ti gbé aṣọ pupa rẹ̀ wọ̀ lókè téńté. Àwọn ọmọ Alhaja ń ṣa ìrudi rẹ̀ tó jábọ́, wọ́n ń fún omi inú rẹ̀ síra wọn lójú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, mo ń gbá ilẹ̀ nígbà tí mọ́tò kan dúró. Ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ògiri nílé wọn ni. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun. Mo ṣí géètì. Ayafọ́tò tò wọ́n, ó wá ní kí ìyá tó ni ọgbà wá dúró láàárín wọn. Mo ní kí ó dúró dè mí. Mo wọlé, mo wé gèlè, mo jáde, mo dúró. Ẹ̀dà fọ́tò náà wà nínú lẹ́tà yìí. Wò ó bí mo ṣe gbé ọrùn dúró.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́nu géètì. N kì í lé wọn. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Olúyọ̀lé bi mí pé ta ni ẹni tó ń tọ́jú ọgbà yìí. Mo ní èmi ni. Ó tún wò mí, ó ní ṣé mo lè gé díẹ̀ gbìn fún òun. Mo gbìn ín sínú agolo mílíìkì. Ó ti hù.

Kọ lẹ́tà. Bí ara rẹ kò bá yá, kọ ọ́. Bí o bá sì ń bínú, kọ ọ́.

Ìyá rẹ tí ojú ń wá ọ.

*

Manchester.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, 1995.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé. Ara gbogbo wa le.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀. Òpópónà wa ní Bódìjà ti ń di ti ọlọ́jà, ẹ̀yin náà á ti rí i. Àwọn tó ní iwájú ilé tó fẹ̀ ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Adéróunmú, ẹni tí a jọ lọ sílé ìwé tó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtírákítọ̀, ti bá mi sọ̀rọ̀. Yóò gba gbogbo iwájú ilé láti géètì dé fẹ́ǹsì Alhaja, yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì máa san owó ọdọọdún fún, kí ẹ rí ohun fi jẹun. Mo ti fọwọ́ sí i. Yóò kó òṣìṣẹ́ wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde láti wá gé àwọn igi náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé wọn kì í so ohun jíjẹ. Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà tí mo gbìn wọ́n.

Mo rí fọ́tò náà. Gèlè yín dára.

Ọmọ yín,
Gbádérọ̀.

*

Bódìjà.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1995.

Àjàgbé,

Adéróunmú wá. N ó sọ bó ṣe rí fún ọ kí òun tó sọ tirẹ̀.

Òwúrọ̀ ni, mo ń bomi rin àwọn tó wà nínú agolo. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin tẹ̀lé e, wọ́n gbé ayùn àti okùn dání. Ó ní ìwọ lo rán òun wá, pé ẹ ti jọ parí ọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀. Mo bu omi fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà mo gbé àga mi lọ sábẹ́ panṣẹ́kẹ́, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo jókòó.

Adéróunmú ní kí àwọn ọkùnrin náà dúró ná. Ó wá sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣáà mọ̀ pé Gbádérọ̀ ló ni ilé."

Mo ní, "Òun ló ni ilé. Èmi ni mo ni Gbádérọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó gbé ayùn dání gbé e kalẹ̀. Adéróunmú wá bi mí pé ṣé kí òun sọ fún ọ pé mo kọ̀ ni. Mo ní rárá, kó sọ fún ọ pé mo jókòó. Alhaja Zùwáírátù ti gbọ́ ohùn wa, ó gba ẹnu géètì wọlé, ó gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Alhaja tó ní kí n gé èyí tó ń pe ejò. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kò gbà, òun ló fà mí sókè.

Wàyí o. O ní owó ṣọ́ọ̀bù ni n ó máa fi jẹun. Ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa mí? Láti ìgbà tí obìnrin Olúyọ̀lé ti gbé agolo rẹ̀ lọ, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n ń wá láti Ring Road, wọ́n ń wá láti Challenge. Gbogbo ẹni tó bá kọ́lé tuntun ló ń fẹ́ kúrótọ́ọ̀nù, bogaínfílíà ni wọ́n sì ń bẹ̀ mí fún jù. Mo gba àwọn ọmọ Alhaja láti máa bá mi pọn omi bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, mò ń san owó fún wọn. N kò sọ fún ọ, nítorí mo fẹ́ kí o dé kí o fi ojú ara rẹ rí i. Èmi ni mo sọ pé igi rẹ kì í so ohun jíjẹ. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ọyẹ́.

Nítorí náà kì í ṣe nítorí tèmi lo ṣe fẹ́ gé wọn. Lẹ́tà rẹ yẹn, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn rẹ. Ọmọ tí kò lè jẹun nítorí kúrótọ́ọ̀nù, òun ló wá ń sọ pé kí wọ́n fi ayùn gé panṣẹ́kẹ́. O ní ara gbogbo yín le. Àjàgbé, mo bí ọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ níbẹ̀? Kì í ṣe onílé ni mò ń bi. Ọmọ mi ni mò ń bi.

Panṣẹ́kẹ́ ti rúwé tuntun, ó ti ń mú ìrudi. Kò pẹ́ mọ́.

Ìyá rẹ.

*

Manchester.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 1995.

Ìyá mi,

Lẹ́tà Adéróunmú ló kọ́kọ́ dé. Inú bí mi. Mo rò pé ẹ ti sọ mí di ọmọdé lójú ẹgbẹ́ mi, mo kọ lẹ́tà líle kan sí yín, Ọlárónkẹ́ sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dúró de tiyín. Tiyín dé lọ́jọ́ kẹta. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn ilé wa, n kò tíì wọlé. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo jókòó síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ya àwòrán ilé ti kógbá sílé láti ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n pè wá jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó di ọ̀sán, a ti kó ẹrù wa. Mo wá iṣẹ́ títí. Nísinsìnyí mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan. Èmi ni mo ń dúró lẹ́nu géètì báyìí, Ìyá mi. N kò lè kọ ọ́ sí yín. Ẹ ti sọ fún gbogbo Ṣakí pé ọmọ yín ń ya àwòrán ilé fún òyìnbó. N kò rí owó fi ránṣẹ́ mọ́, mo sì rò pé ebi á máa pa yín nínú ilé ńlá. Ohun tí mo ní láti fi bọ́ yín kò ju ilẹ̀ yẹn lọ. Ìdí tí mo fi pe Adéróunmú nìyẹn. Kì í ṣe pé igi náà sú mi.

Mo ti kọ̀wé sí Adéróunmú pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo ní ìyá mi jókòó.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọ̀gá wa ń bi olúkúlùkù léèrè nípa àwọn òbí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń sọ pé àgbẹ̀ ni ìyá mi, mo máa ń yára sọ ọ́ kí a lè kúrò lórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú fọ́tò yẹn jáde. Mo ní ìyá mi nìyí, òun ló ni ọgbà yìí, láti gbogbo apá ìlú ni wọ́n ti ń wá ra òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wò ó yí ká. Ọ̀kan ní òun kò rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó wò ó dáadáa, pé ewé ni, pé òdòdó gan-an kékeré ni. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo rí i.

Báwo ni ẹ ṣe ń sùn? Ṣé orúnkún yín ti sàn? Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí mi. Kí ti igi wá tẹ̀lé e.

Ọmọ yín,
Gbádérọ̀.

*

Bódìjà.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá, 1995.

Àjàgbé ọmọ mi, ọmọ tó ń mú orí ìyá rẹ̀ wú,

Mo gba lẹ́tà oṣù Kẹfà, mo sì gba èyí tó tẹ̀lé e, tí o ti sọ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ti gbà ọ́ sídìí iṣẹ́ àwòrán ilé, pé ìwọ àti ìyàwó mi àti ọmọ yín ń bọ̀ wá ṣọdún. Mo ka èyí sókè fún Alhaja. Ó ní kí n tún un kà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ṣakí pé o ṣọ́ géètì rí. Kì í ṣe nítorí ìtìjú. Bí mo bá máa sọ ọ́, èmi ni n ó sọ ọ́, n ó sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi nílẹ̀ àjèjì, kò jalè, kò ṣagbe, ó dúró sídìí iṣẹ́ tó rí, ó bọ́ aya àti ọmọ. Ìyá wo ló máa gbọ́ ọ tí kò ní wù ú?

Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Mò ń sùn dáadáa. Nírọ̀lẹ́, Alhaja ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tàbí òun ló ń bá mi jiyàn. Adéróunmú ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí iwájú ilé òdìkejì títì. Ó dára, n kò ní bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí igi kankan níbẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án, bí òrùn bá mú, àwọn tó ń ta ọjà níbẹ̀ máa ń rékọjá wá jókòó sábẹ́ panṣẹ́kẹ́ wa tó yọ orí sí títì. Mo ti ní kí wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀ fún wọn.

Òjò ti ń ká kúrò nílẹ̀. Àwọn ewé ti ń gbó. Lánàá ni mo rí bogaínfílíà tó kọ́kọ́ pọ́n, lápá ibi tí òrùn ti ń là. Ìrudi wà lórí òrúrù, n ó máa ṣọ́ ọ kí ó má tíì tanná tán kí ẹ tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní agbára lórí rẹ̀. Àwọn kúrótọ́ọ̀nù ti kún abẹ́ fèrèsé rẹ, wọ́n nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ilá mi wà lẹ́yìn ilé báyìí. A ti jọ pín in.

Má retí mi ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó o. Ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Kejìlá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń bomi rin àwọn ọmọ inú agolo, n kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá bá mi. Wọ́n ti kọ́ nǹkan púpọ̀ sí òpópónà wa láti ìgbà tí o ti lọ, bóyá ojú ọ̀nà á rú ọ lójú. Bí ó bá rú ọ lójú, béèrè. Ṣùgbọ́n má béèrè ilé Gbádérọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé Ìyá Olódòdó ni kí o béèrè, wọ́n á mú ọ dé ẹnu géètì.

Èmi ni, ìyá rẹ.